Mo Rí Fọ́tò Náà, Mo sì Dákẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi, nítorí èmi fúnra mi ò lè fara balẹ̀ mọ́. Bí mo bá jókòó, màá tún dìde. Bí mo bá gbé oúnjẹ kaná, màá bọ́ síta, màá máa rìn káàkiri títí yóò fi jóná. Níwájú àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní Ìlọrin, mo lè kọ ìdajì gbólóhùn sára pátákó kí n má rántí ìyókù mọ́. Àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi rò pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni, wọ́n ní kí n lọ yẹ ara mi wò. Ẹ̀jẹ̀ ríru kọ́. Obìnrin àgbàlagbà kan ló ń fi irin rìn lónìí nítorí ilé mi tó wà ní Ìgándò, gbogbo èèyàn ló sì ń bá mi bú ẹlòmíràn. Ẹlòmíràn náà jẹ̀bi, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo mọ̀.

Èmi àti ọkọ mi la jọ kọ́ ilé náà. Ẹ̀gbẹ́dá là ń gbé nígbà náà, nínú yàrá méjì tí a háyà. Nígbà tí a ra ilẹ̀ ní Ìgándò, àwọn kan fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìdí ààtàn la fẹ́ lọ gbé. A ò dá wọn lóhùn. Ìrìn ìgbín la fi kọ́ ọ: lọ́dún yìí ìpìlẹ̀, lọ́dún tó tẹ̀ lé e búlọ́ọ̀kù dé ojú fèrèsé. Ilé alájà kan ni, fúláàtì mẹ́rin, méjì nísàlẹ̀, méjì lókè. Bí a ṣe ń múra láti kó wọlé ni ibi iṣẹ́ ọkọ mi gbé e lọ sí Ìlọrin. A ní ọdún méjì péré ni, kí a fi àwọn ayálégbé sí i ná. Ọdún méjì di mẹ́rin, ọkọ mi ṣàìsàn, ó sì kú. Iṣẹ́ ìjọba tèmi ti fìdí múlẹ̀ ní Ìlọrin, àwọn ọmọ sì ti wọ yunifásítì níbẹ̀. Bí mo ṣe di onílé tí kì í fojú kan ilé rẹ̀ nìyẹn.

Ẹni àkọ́kọ́ tí mo fi ilé náà lé lọ́wọ́, ọ̀rẹ́ ọkọ mi ni. Ó wà lára àwọn tó gbé pósí rẹ̀. Ta ni yóò rò pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè dalẹ̀? Ọjọ́ kan ni mo lọ láìsọ fún un, mo bá àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù nínú ọgbà mi! Yanrìn ga dé ojú fèrèsé, típà tó kún fún òkúta ń wọlé, ó ń jáde, ó ń gun orí ilẹ̀ tí a gbẹ́ sókàwéè sí, kòtò ńlá tí omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbo ilé ń ṣàn sí. Mo pariwo. Ọ̀rẹ́ ọkọ mi tó fi àyè náà háyà fún wọn dé, ó kàn ń rẹ́rìn-ín ni, ó ní, "Ìyàwó wa, àyè yẹn kàn wà níbẹ̀ lásán ni jàre." Mo gba ilé mi kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àwọn oníbúlọ́ọ̀kù kó jáde, ṣùgbọ́n típà ti ṣe ohun tó máa ṣe fún ìdérí sókàwéè náà. Mi ò mọ̀ nígbà yẹn.

Báyọ̀ ni mo wá rí, ejẹ́ńtì tó ní ìsọ̀ kékeré kan ní Ìkọ̀tún. Arákùnrin náà mọ ọ̀rọ̀ í sọ. "Mummy" ni ó ń pè mí, ó máa ń bi mí léèrè àwọn ọmọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni yóò fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi lórí wátsáàpù: géètì tí wọ́n kùn, páìpù tí wọ́n pààrọ̀, ọgbà tí wọ́n gbá. Ọkàn mi balẹ̀. Mo máa ń fi fọ́tò náà han àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi pé èèyàn gidi ṣì wà ní Èkó. Ó lé ní ọdún kan tí mi ò fi ẹsẹ̀ kan Ìgándò, nítorí fọ́tò ń wá bá mi ní yàrá. Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà wa ló wí bẹ́ẹ̀, àmọ́ ojú ẹlòmíràn ni èmi fi ń wo ilé mi.

Nínú fúláàtì kan nísàlẹ̀ ni Bùnmi ń gbé, òun àti ìyá rẹ̀. Bùnmi ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ní Ìṣẹ̀rí-Olófin. Ìyá rẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Màmá, ti lé ní àádọ́rin ọdún, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ yá gágá, òun ló ń gbá ọgbà kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Bùnmi kọ́kọ́ pè mí lẹ́yìn ọdún Àjíǹde. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ìdérí sókàwéè ti ń sán, mà, ó ti ń rì ní igun kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bá Bọ̀dá Báyọ̀ sọ̀rọ̀." Mo pe Báyọ̀. Ó ní òun ti mọ̀, kí n fi owó àtúnṣe ránṣẹ́. Mo fi ránṣẹ́. Kò pẹ́, fọ́tò dé: ìdérí tuntun, sìmẹ́ǹtì tútù, ó ń dán.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti fetí sílẹ̀ nìyí. Odi wà lẹ́yìn ìdérí náà nínú fọ́tò. Odi tí wọ́n rẹ́, tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé, tí wọ́n sì to àkúfọ́ ìgò sórí rẹ̀. Odi ẹ̀yìnkùlé wa kọ́ ni. Èmi àti ọkọ mi la jọ dúró níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n mọ odi tiwa, owó sì tán kí a tó lè rẹ́ ẹ. Mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ojú ọmọ rẹ̀. Mo wo fọ́tò náà, àyà mi já. Mo fi ìka fẹ̀ ẹ́, mo tún wò ó. Lẹ́yìn náà, mo fi fóònù délẹ̀, mo padà sídìí ìwé ìdánwò tí mo ń máàkì. Kí ló dé tí mi ò béèrè? Ó ti rẹ̀ mí, ẹ̀yin èèyàn mi. Bí mo bá béèrè, ìjà ni. Bí mo bá jà, mo gbọ́dọ̀ wá ejẹ́ńtì mìíràn, mo sì gbọ́dọ̀ wọkọ̀ lọ sí Èkó. Mo sọ fún ara mi pé bóyá ó ti rẹ́ odi náà láìsọ fún mi ni. Odi tí mi ò sanwó rẹ̀!

Bùnmi tún pè. Ó ní ẹnikẹ́ni ò tún nǹkan kan ṣe o, pákó lásán ni wọ́n gbé lé ojú ibi tó sán, tí wọ́n da yanrìn bò ó. Mo bi Báyọ̀. Ó ní, "Mummy, ẹ má dá ọmọ yẹn lóhùn. Òun ló ń kó àwọn tó kù jọ sí yín lórí." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi nínú, nítorí pé ó gba ẹrù lọ́rùn mi. Nígbà tí Bùnmi pè lẹ́ẹ̀kẹta, tí mo wà ní kíláàsì, mo pariwo mọ́ ọn: "Ṣé èmi ni bíríkìlà ni?" Mo sì tẹ fóònù, mo dí nọ́ńbà rẹ̀ pa, kó má lè wọlé sí mi mọ́. Ìka kan ṣoṣo ni mo fi ṣe é. Kò ju bí èèyàn ṣe ń lé eṣinṣin lọ.

Òjò ọdún yẹn pọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, òjò ṣú, Màmá sì sáré jáde lọ ká aṣọ lórí okùn. Ìdérí náà já lábẹ́ rẹ̀. Kò rì tán, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, nítorí aṣọ rẹ̀ kọ́ irin àtijọ́ kan, ṣùgbọ́n itan rẹ̀ ṣẹ́, ó sì wà nínú ẹ̀gbin yẹn dé àyà kí wọ́n tó fi àkàbà fà á jáde. Àlùháájà tó ń gbé lókè ló pè mí, nọ́ńbà mi kejì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló fi rí mi. Kò kí mi. Ó ní, "Ìyá onílé, ẹ máa bọ̀. Ilé yín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa èèyàn." Mi ò mọ bí mo ṣe dé Èkó lọ́jọ́ náà. Mo kàn rántí pé ẹsẹ̀ bàtà mi ò bá ara wọn mu.

Ní ọsibítù, wọ́n ti fi nǹkan fa ẹsẹ̀ Màmá sókè. Mo rò pé wọn yóò bú mi, mo tiẹ̀ fẹ́ kí wọ́n bú mi. Màmá na ọwọ́ sí mi. Ó ní, "O kú ewu ọ̀nà, ọmọ mi. Má sunkún. A mọ̀ pé o ò mọ̀." Bùnmi, tí ojú rẹ̀ ti wú, ní, "Mo pè yín títí, mà. Bọ̀dá Báyọ̀ ló wá sọ fún wa pé ẹ ti yí nọ́ńbà padà." Gbogbo wọn ń wò mí. Ẹnu mi kún fún òtítọ́, ẹ̀yin èèyàn mi, ó kún fún un! Ṣùgbọ́n mo mi orí. Mo mi orí bẹ́ẹ̀ ni, bí ẹni pé lóòótọ́ ni mo yí nọ́ńbà padà. Màmá sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún mi, pé ẹni tó fẹ́ ba orúkọ mi jẹ́ kò ní rójú rere.

Mo san gbogbo owó ìtọ́jú. Mo pe bíríkìlà, mo dúró tì í títí tó fi da ìdérí tuntun. Gbogbo àdúgbò ń yìn mí pé irú onílé báyìí ṣọ̀wọ́n. Báyọ̀ ti ti ìsọ̀ rẹ̀ pa, kò gbé fóònù. Àlùháájà ní kí a lọ fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá, mo sì ti múra láti lọ, àfi bí Báyọ̀ fúnra rẹ̀ ṣe wá bá mi nídìí géètì. Kò dọ̀bálẹ̀. Ó rọra ní, "Mummy, ẹ rí fọ́tò yẹn. Ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ilé yín. Ẹ ò sì bi mí ní nǹkan kan. Tí a bá dé àgọ́, màá sọ bẹ́ẹ̀ o." Ó yí padà, ó lọ. Mo sọ fún àwọn ará ilé pé mo ti fi ìjà fún Ọlọ́run jà. Wọ́n tún yìn mí, wọ́n ní mo ní àmúmọ́ra. Ẹ wo ọ̀ràn! Ó ti ṣí ìsọ̀ rẹ̀ padà báyìí, ó sì ń bójú tó ilé àwọn ẹlòmíràn.

Oṣù mẹ́rin ni mo fi gbé e mì. Màmá ń pè mí ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, ó ń ṣàdúrà fún àwọn ọmọ mi. Mo ń ṣe "Àmín" sí i. Nígbà tí mi ò lè fara dà á mọ́, mo lọ sí Ìgándò, mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀: fọ́tò, odi, nọ́ńbà tí mo dí, orí tí mo mì. Bùnmi bú sẹ́kún, ó jáde. Màmá ò sunkún. Ó rọra yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú tèmi. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, "ìwọ" ni ó ń pè mí, bí ìyá ṣe ń pe ọmọ. Lọ́jọ́ náà, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní, "Mo ti gbọ́, mà. Ẹ ṣeun tí ẹ wá. Ẹ bá mi fa ilẹ̀kùn yẹn dé tí ẹ bá ń lọ." Ẹ! Arúgbó tó bí mi tán ń pè mí ní ẹ. Ìbá sàn kí ó fi irin tó fi ń rìn nà mí.

Kí oṣù tó parí, wọ́n kó lọ sí Ìdímù. Wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún Àlùháájà, wọ́n ti gbá ilé náà mọ́ tónítóní. Mo mọ àdúgbò tí wọ́n wà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti dé ibẹ̀, tí mo dúró ní òdìkejì títì, tí mo padà. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ̀yin tí ẹ ti ṣẹ àgbà rí. Ṣé kí n lọ kan ilẹ̀kùn wọn ni, àbí ìsinmi ara mi ni mo ń wá kiri, kí n fi obìnrin náà sílẹ̀ kó gbádùn ìsinmi tirẹ̀? Ní ti Báyọ̀, mo ti pinnu: lọ́jọ́ Ajé yìí, èmi àti Àlùháájà ń lọ sí àgọ́, kí ó sọ tẹnu rẹ̀, kí èmi náà sọ tèmi. Ẹ̀yin tí ẹ nílé níbi tí ẹ̀yin kò sí, mi ò ní sọ pé kí ẹ má gba ejẹ́ńtì. Ṣùgbọ́n bí ayálégbé yín bá pè, ẹ gbé e. Bí fọ́tò bá dé, tí àyà yín sì já, ẹ má ṣe padà sídìí iṣẹ́ yín. Ẹ wọkọ̀. Ọ̀nà Ìlọrin sí Ìgándò jìn lóòótọ́, mo ti rìn ín. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó wà láàárín èmi àti Màmá báyìí, kò sí mọ́tò tó ń ná an.