Ọwọ́ Wabánkwé Nídìí Ìkòkò Ṣúgà

Ní ayé àtijọ́, ẹ̀yin ọmọ mi, nígbà tí àwa Pọtawátómì, ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣì ń gbé etí adágún ńlá, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Wabánkwé. Òun ló bí ẹni tó bí àwọn tó bí wa. Ẹ sún mọ́ mi, torí ara mi kì í gba ìjókòó tí mo bá ń sọ ìtàn yìí!

Bí yìnyín bá ti ń yọ́, wọ́n á ṣá igi méépù lára, omi dídùn á máa kán, á máa kán, sínú ọpọ́n tí wọ́n fi èèpo igi ṣe. Wọ́n á gbé e kaná, wọ́n á rò ó, wọ́n á rò ó, títí á fi di ṣúgà. Ẹ gbọ́ o: tó bá ti ń ki, tí ọwọ́ bá kúrò lára omorogùn, ó jóná nìyẹn. Oúnjẹ ọdún kan gbáko ló sì bá a lọ.

Lọ́dún kan, ìgbà tó ń ki gan-an ni òyìnbó ayàwòrán kan dé. Ó ní òun fẹ́ fi ọwọ́ ya bí a ṣe ń gbé ayé wa sórí ìwé. Ẹ wá wo ohun tó sọ! Ó ní kí gbogbo wọn lọ wọ ìlẹ̀kẹ̀, kí wọ́n wá jókòó, kí ẹnikẹ́ni má mira. Àbí èwo ni ti ìgbé ayé nínú ìyẹn? Àlejò lójú, kò fi ríran. Baálẹ̀, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n Wabánkwé, ti ní kí wọ́n dìde, torí a kì í já àlejò kulẹ̀.

Bí Wabánkwé bá dìde, ebi dé. Bó bá kọ̀, ìtìjú dé. Ló bá rántí pé àṣà wa náà ló ní àlejò tó bá bá wa nídìí ṣúgà gbọ́dọ̀ bá wa rò ó. Ó na omorogùn sí òyìnbó.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sọ fún àlejò yín pé kó gbà á. Bí ọwọ́ tirẹ̀ bá lè dúró, tèmi náà á dúró."

Òyìnbó rò ó, ó rò ó, òógùn bò ó, apá ń dùn ún. Ó fẹ́ sinmi, Wabánkwé ní ó jóná nìyẹn o! Nígbà tí ṣúgà fi máa dì, ojú àlejò ti là. Kò ní kí ẹnikẹ́ni jókòó mọ́. Ó ya ẹni tó ń ṣá igi, ó ya ẹni tó ń gbé ọpọ́n, ó ya àwọn ọmọdé tó ń lá ṣúgà lórí yìnyín. Ó ya Wabánkwé náà, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ kò hàn kedere, torí ọwọ́ ọ̀hún kò dúró.

Kò pẹ́ sígbà náà ni àwọn sójà ìjọba òyìnbó lé wọn lọ sí ilẹ̀ tí kò sí igi méépù. Ó dùn mí títí dòní. Àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀ kò mọ iṣẹ́ yìí rárá. Nígbà tí ìyá mi padà wá sí igbó yìí, àwọn àwòrán òyìnbó yẹn, tó ti dé ọwọ́ ìdílé wa, ló wò, ló fi mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣá igi àti bí wọ́n ṣe ń gbé ọpọ́n sí i. Ṣúgà tí ẹ ń lá lẹ́nu yẹn, ibẹ̀ ló ti wá!

Ìdí nìyí tí ẹnikẹ́ni nínú ilé wa kì í fi í káwọ́ lẹ́rán ya fọ́tò. Ìyàwó ọ̀ṣìngín pàápàá á mú iṣẹ́ dání. Bí ẹ bá sì fẹ́ ya èmi ìyá yín, ẹ má ní kí n dúró o. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ mi máa lọ.