Ó Ti Débẹ̀ Ṣáájú Mi

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa láti Westfield lọ sí Banjul ní ilẹ̀ Gambia, Alhaji kan tó ń ta aṣọ lọ́jà ń sọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ fún ọkùnrin kan tó ń pè é ní ẹ̀gbọ́n.

"Látìgbà tí àìsàn ti mú ọwọ́ ọ̀tún mi, mi ò lè di máòsì kọ̀ǹpútà mú mọ́. Ti òsì sì ń gbọ̀n. Kí n tó tẹ àpótí tí mo ti ń fèsì fún oníbàárà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, oníbàárà á ti lọ. Mo ti ní kí n máa padà sí Ìwó."

"Ẹ ò sì sọ fún wa, ẹ̀gbọ́n!"

"Ṣé nǹkan ìyangàn ni? Ọmọ mi obìnrin ló ṣe ojú òpó íńtánẹ́ẹ̀tì tí mo fi ń tajà yẹn. Ó dúró lẹ́yìn mi lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ń wò mí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ṣí i. Ilà kékeré tó máa ń ṣẹ́jú níbi téèyàn máa kọ̀wé sí yẹn ti wà nínú àpótí! Mi ò fọwọ́ kan máòsì, mo kàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé ni. Ó ti débẹ̀ ṣáájú mi."

"Ó ti débẹ̀ ṣáájú yín," èkejì tún un sọ jẹ́ẹ́.

"Mo bi ọmọ mi léèrè bóyá òun ló ṣe é. Ó ní, 'Bàbá, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kí n ti gbé àga kalẹ̀ kí àlejò tó wọlé.'"

"Kí lẹ wá sọ?"

"Ọwọ́ òsì yìí ni mo gbé lé e lórí, mo fi súre fún un. Ọlọ́run mọ̀ pé kì í ṣe àrífín."