Bọ́ọ̀lù Tó Wà Lábẹ́ Bàtà Mojísọ́lá

"Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má tíì gbá bọ́ọ̀lù. Wọ́n ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ti lọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òní ni òtítọ́ bá a."

Mojísọ́lá Èṣùbíyì ló sọ bẹ́ẹ̀, lórí pápá gọ́ọ̀fù kan ní ìlú Benin, láàárọ̀ ọjọ́ tí ìdíje olówó tó dá sílẹ̀ fún àwọn obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Gọ́ọ̀fù ló fi jẹun títí ó fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tó dá ìmọ̀ràn yìí, àwọn ọkùnrin ní kó lọ máa tọ́jú ọmọ-ọmọ. Ó bẹ ọlọ́jà, ó bẹ oníbáǹkì, títí ó fi di ṣíṣe. Àfi bí ẹni àkọ́kọ́ tó forúkọ sílẹ̀ ṣe jẹ́ Rẹ̀mílẹ́kún oníbàtà ní ọjà New Benin, tó ti fi gọ́ọ̀fù sílẹ̀ láti ìgbà èwe wọn. Orúkọ yẹn ló mú kí Mojísọ́lá dìde sọ̀rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

"Ẹ mọ̀ pé mo gba ife-ẹ̀yẹ tó sọ mí di èèyàn. Ẹ ò mọ bí mo ṣe gbà á. Àǹtí Rẹ̀mí ló ń ṣíwájú mi, ó ku ihò kan, ni bọ́ọ̀lù wọn bá wọ koríko gíga. Bí wọn ò bá rí i láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, ó ti sọnù nìyẹn, wọ́n á padà lọ gbá òmíràn, wọ́n á sì jẹ ìyà lé e. Mo bá wọn wá a. Èmi ni mo rí i."

Ó wo ibi tí Rẹ̀mílẹ́kún dúró sí láàárín àwọn tó wá díje.

"Mo gbé ẹsẹ̀ lé e. Èmi ọ̀dàlẹ̀! Mo wá ń fi ọwọ́ tú koríko kiri bí aláàánú. Wọ́n kúnlẹ̀ lẹ́bàá bàtà mi, wọ́n ń wá a. Nígbà tí àkókò pé, wọ́n ní, 'Mojí, o ṣeun, o mà bá mi wá a.' Ẹ̀yin èèyàn, mo dáhùn. Mo ní, 'Kò tọ́pẹ́, Àǹtí.'"

Ó kúnlẹ̀. "Ẹ dárí jì mí. Bí ẹ bá ní kí n fi ìdíje yìí sílẹ̀, mo ti fi í sílẹ̀."

Motọ́lání, ọmọ Rẹ̀mílẹ́kún, gbé àpò ọ̀pá gọ́ọ̀fù ìyá rẹ̀ kọ́ èjìká. "Mummy, make we dey go house. This woman no try at all."

Rẹ̀mílẹ́kún yọ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. "Mojí, ojú mi ni mo dá lẹ́bi. Mo ní ẹni tí kò rí bọ́ọ̀lù iwájú rẹ̀, kí ló ń wá lórí pápá? Ìdí tí mo ṣe fi gọ́ọ̀fù sílẹ̀ nìyẹn." Omijé bọ́ lójú rẹ̀. "Inú ń bí mi, kò sì ní tètè tán. Ṣùgbọ́n ìdíje tó mú mi padà síbí, mi ò ní jẹ́ kó bàjẹ́. Dìde, gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́. Motọ́lání, sọ àpò yẹn kalẹ̀."

Mojísọ́lá dìde, ó gbá a. Bọ́ọ̀lù náà yà, ó wọ koríko gíga lọ.

Rẹ̀mílẹ́kún dá awò rẹ̀ padà sójú, ó di ọwọ́ Mojísọ́lá mú.

"Jẹ́ ká lọ wá a," ó ní. "Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ bọ́ bàtà."

Mojísọ́lá jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń tú okùn bàtà rẹ̀.