Ọwọ́ Mi Ló Wà Lórí Bíréèkì Mọ́tò Wa

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Festac ni mò ń gbé. Àwọn ìyá ìjọ wa ní kí n bá wọn parí ìjà tó wà láàárín ọkọ mi àti Ìyá Tóbi lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Wọn ò mọ̀ pé èmi ni mo dá ìjà náà sílẹ̀. Ọkọ mi pàápàá ò mọ̀.

Opó ni Ìyá Tóbi. Ó ń ta páàtì mọ́tò ní Kuje tó wà nítòsí Festac níbí, ó sì mọ iṣẹ́ mọ́tò dáadáa, torí òun àti ọkọ rẹ̀ ni wọ́n jọ ń ṣe é kí ọkùnrin náà tó kú.

Mọ́tò wa ti gbó. Nígbà kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo lójú ọ̀nà bí ẹni pé ẹnìkan dì í mú lẹ́yìn, a sì ń gbọ́ òórùn nǹkan tó ń jó. Ọkọ mi gbé e lọ bá Ìyá Tóbi. Obìnrin náà fi jáàkì gbé e sókè, ó ń fi ọwọ́ yí àwọn táyà níkọ̀ọ̀kan. Ti iwájú yí wẹ́rẹ́. Méjèèjì tó wà lẹ́yìn gbóná, wọn ò fẹ́ yí. Ó ní wáyà bíréèkì ọwọ́ ló ti dípẹtà, tí kì í padà sí àyè rẹ̀ mọ́ bí a bá tú u sílẹ̀. Ó pààrọ̀ rẹ̀, mọ́tò sì ń lọ geerege.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bà jẹ́. Tí a bá ń jẹun, ọkọ mi á ní, "Ìyá Tóbi sọ pé." Tí a bá ń lọ sí ìjọsìn, "Ìyá Tóbi sọ pé." Tó bá pe ọkọ mi ní "Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà," wọn á rẹ́rìn-ín dé erìgì. Mo bi wọ́n léèrè. Wọ́n ní, "Ìyá Dàpọ̀, ọ̀rọ̀ mọ́tò lásán là ń sọ."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣépè fún mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé báàgì mi lé orí bíréèkì ọwọ́ tó wà láàárín ìjókòó wa. Tí mọ́tò bá ti gbéra, màá ti ọwọ́ bọ abẹ́ báàgì, màá tẹ bọ́tìnnì orí rẹ̀ kó má baà dún, màá sì fà á sókè díẹ̀. Iná pupa iwájú awakọ̀ tó yẹ kó fi han ọkọ mi pé bíréèkì wà lókè ti kú tipẹ́. Tí a bá débi tí à ń lọ, ọkọ mi fúnra wọn á fà á tán, àṣírí á bò.

Mo kàn fẹ́ kí wọ́n sọ pé Ìyá Tóbi ò mọ iṣẹ́ ni.

Mọ́tò tún bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo, ọkọ mi sì gbé e padà lọ bá Ìyá Tóbi. Ó tún yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí nǹkan kan. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, àbí ẹ gbàgbé láti tú bíréèkì sílẹ̀ ni? Ogbó ti dé o!" Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, mo fà á ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Èéfín yọ lẹ́yìn mọ́tò ní Apple Junction. Àwọn èèyàn ń pariwo, "Bàbá, ẹ bọ́ọ́lẹ̀! Mọ́tò yín ń jó!" A ò fara pa. Ọkọ mi wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Kuje tìbínú-tìbínú, mo tẹ̀ lé wọn. Níwájú àwọn oníbàárà ni wọ́n ti sọ pé, "Jìbìtì lo fi ń jẹun! Wáyà ayédèrú lo tà fún mi!"

"Ẹ̀gbọ́n, mo fi Tóbi búra, wáyà gidi ni." Ó yíjú sí mi. "Màmá, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n."

Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé." Gbogbo ohun tí mo sọ nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà, mi ò fọwọ́ kan bíréèkì mọ́. Mẹ́káníìkì mìíràn tí ọkọ mi gbé mọ́tò náà fún ló gba ìyìn pé òun ló tún un ṣe. Àwọn oníbàárà Ìyá Tóbi ti ń yà sí ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn, òun náà sì ti ń wá ẹni tó máa gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń rí owó tọ́ ọmọ.

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìfẹ́ ló ń jẹ́ owú. Kì í ṣe ìfẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n kọ́kọ́ sọ fún ọkọ mi nínú yàrá, àbí níwájú àwọn méjèèjì? Mo mọ ọkọ mi: tí wọ́n bá gbọ́, wọn á lọ bẹ Ìyá Tóbi, wọn á sì tún máa lọ sí Kuje. Bí mo ṣe ń kọ èyí, owú ọ̀hún ṣì ń ta mí lára. Ṣé kí n dúró dìgbà tí owú náà bá tán ni, àbí kí n jẹ́wọ́ pẹ̀lú rẹ̀ lọ́kàn bẹ́ẹ̀?