Ojú Nimat Wà Lọ́rùn Mi

Mo ti kígbe mọ́ tírélà tòmátì kan rí ní Mile 12, ó fi ẹ̀yìn rìn padà dé Kano, gbogbo tòmátì inú rẹ̀ sì tún di tútù nítorí ìbẹ̀rù mi. Ẹ rẹ́rìn-ín tán? Ó yá, ẹ wá gbọ́ irọ́ mi tí kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín, torí inú mi ò gbà á mọ́.

Èmi Ṣùkúrù ni mo ń wa bọ́ọ̀sì ilé ìwé aládàáni Mummy Ṣèyítán ní Alápẹ̀rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ìjọba àpapọ̀ fẹ́ fún àwọn ọmọ ilé ìwé ní awò ojú. Ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ kọ́kọ́ pe àwa aládàáni náà sí ìpàdé, kí wọ́n bi wá ohun tí àwọn ọmọ tiwa nílò. Ara Mummy ò yá, wọ́n ní kí n lọ bá àwọn gbọ́ ọ. Kí n gbọ́ ni wọ́n wí o! Mo wọ kóòtù, mo jókòó níwájú bí ẹni tó ni ilé ìwé mẹ́wàá.

Aunty Oyèṣọlá, òṣìṣẹ́ ìjọba, bi mí pé, "Ọ̀gá, tiyín ńkọ́? Ṣé ẹ ní ọmọ tí kì í ríran dáadáa?" Gbogbo àwọn onílé-ìwé ń wò mí. Ẹ sì mọ̀ wá ní Ketu: aládàáni kì í jẹ́wọ́ níwájú aládàáni pé nǹkan ń ṣe ọmọ òun, kí àwọn òbí má baà kó ọmọ wọn lọ. Mo dìde. "Tiwa kẹ̀? Láti Alápẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń ka nọ́ńbà ọkọ̀ lórí Third Mainland Bridge!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ ò fẹ́ nìyẹn?" Mo ní, "A ò fẹ́." Inú mi dùn, èmi òmùgọ̀.

Bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn mi ni Nimat, ọmọ iléèwé wa kan, ń jókòó sí nínú bọ́ọ̀sì. Imú ló fi ń kàwé. Olódo ni tíṣà ń pè é. Nígbà tí awò dé àwọn ilé ìwé tó kù, ìyá ẹ̀ wá bá mi: "Uncle Ṣùkúrù, tiwa dà?" Èyí ló burú jù. Mo ní, "Ìjọba ní àwọn ò fún private." Ó ṣẹ́ èpè fún ìjọba. Mo ṣe àmín.

Láàárọ̀ àná, ìyá Nimat wá yọ ọmọ ẹ̀ kúrò níléèwé. "Kò mọ̀wé, kó wá bá mi ṣa ata." Ìgbà náà ni Aunty Oyèṣọlá wọlé, ó wá béèrè ti ọdún yìí, ó rí mi. "Proprietor! Ṣé ẹ ò tún fẹ́ awò?"

Mummy ní, "Ta ni proprietor? Dírẹ́bà mi nìyẹn!"

Ìyá Nimat rọra yíjú sí mi. "Ìjọba ò fún private, àbí?" Ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan. Mo bẹ́ sí ìta.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹnu yín dùn bíi tèmi, ara yín ni kí ẹ máa pa irọ́ mọ́, ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Nimat, jọ̀ọ́, forí jì mí.

Torí ní géètì, díẹ̀ ló kù kí n gbá Nimat fúnra ẹ̀ lulẹ̀. Ó ṣẹ́jú mọ́ mi, ó kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ bá mi rí Uncle Ṣùkúrù?"

Mo sáré lọ.