Ìyá Tí Mo Bá Níbi Ìsinmi

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ fara balẹ̀ bá mi gbọ́ ọ. Mi ò sọ ọ́ kí ẹ lè yìn mí. Ìran kan tí mo rí ló wúwo lọ́kàn mi, mi ò sì lè dá gbé e.

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ̀sùn kan ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, èmi ni wọ́n máa ń rán lọ wò ó bóyá wọ́n ń jẹun, bóyá wọ́n ń wẹ̀, bóyá ibùsùn wọn mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo rí ìran náà, mo lọ sí ilé kan tí aládùúgbò ti sọ pé òun ń gbọ́ igbe arúgbó níbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kì í dáhùn. Nígbà tí mo débẹ̀, ilẹ̀ ń dán, òórùn ọṣẹ gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Obìnrin tó ni ilé náà rẹ́rìn-ín pàdé mi.

Ó ní, “Ẹ káàbọ̀, mà. Ara àwọn màmá wa le. Gbogbo wọn ti jẹun.”

Nínú yàrá tó gbẹ̀yìn ni mo ti bá Màmá Àdùkẹ́. Ètè wọn ti gbẹ. Mo fún wọn lómi, wọ́n gbé e mu bí ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn bọ̀. Mo béèrè bóyá wọ́n ń tọ́jú wọn. Wọ́n kọ́kọ́ wo obìnrin náà, kí wọ́n tó ní, “Wọ́n ń tọ́jú mi, ọmọ mi.” Ṣùgbọ́n wọn ò fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Mo pe dókítà wa lórí fóònù. Ó ní ó di ìrọ̀lẹ́ kí òun tó lè dé.

Mo padà sílé láti dúró de ìrọ̀lẹ́. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti sùn nínú Olúwa, èmi nìkan ló kù nínú ilé náà. Mo kúnlẹ̀, mo gbàdúrà fún ìyá yẹn títí orí mi fi sinmi lórí ibùsùn, oorun sì gbé mi lọ.

Ẹnì kan dúró tì mí, ó fi aṣọ ìnura kọ́ èjìká bí ẹni tó fẹ́ wẹ aláìsàn. Ó ní, “Tẹ̀ lé mi.” A wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan tí kò lópin, ilẹ̀kùn lọ́tùn-ún, ilẹ̀kùn lósì, ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú yàrá tirẹ̀. Ọkùnrin kan dùbúlẹ̀ nínú ẹ̀gbin, ìdin ń rìn lára rẹ̀, ó ń pariwo pé, “Ẹ gbà mí,” ohùn rẹ̀ ń lu ògiri, ó ń padà sí i létí.

Amọ̀nà mi ní, “Òpùrọ́ ni. Bí àwọn ọmọ bá béèrè òbí tí wọ́n fi sọ́dọ̀ rẹ̀, ó máa ń ní ara wọn le.”

Obìnrin kan ń ti ilẹ̀kùn irin tó pọ́n bí ẹyin iná, ẹran ọwọ́ rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ irin, ó ń fà á ya, ó ń tún tì í, ó ń sunkún, ó ń tì í, ilẹ̀kùn ò mira, mo yíjú sí amọ̀nà mi.

“Panṣágà ni. Ó máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn aláìsàn, á lọ bá ọkọ ọlọ́kọ.”

A dé yàrá kan tí kò síná. Àwọn tó wọṣọ iyì jókòó síbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò rí ara wọn. Oníkálukú kọjú sí ojú fèrèsé tí nǹkan kan ò sí lẹ́yìn rẹ̀, ó ń retí àlejò. Ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ bà mí lẹ́rù ju igbe lọ.

“Àwọn ọmọ tó gbé òbí wọn sílẹ̀ ni, tí wọn ò yà wò wọ́n mọ́.”

Yàrá tó tẹ̀ lé e ṣófo. Wọ́n ti tẹ́ ibùsùn rẹ̀, ẹ̀gbin ti wà lórí rẹ̀. Mo béèrè ẹni tó ni ín.

“Ó ṣì wà láyé. Ẹ̀rín ló fi pàdé rẹ láàárọ̀.”

Lójijì ni ìmọ́lẹ̀ dé. Odò tútù kan ń ṣàn, àwọn arúgbó jókòó sétí rẹ̀, ara wọn mọ́, kò sí ẹni tó dá jókòó nínú wọn. Màmá Àdùkẹ́ wà níbẹ̀. Ẹnì kan ń di irun wọn, ó ń kì wọ́n ní oríkì ìyá tó bí wọn.

Mo ní, “Láàyè ni mo fi wọ́n sílẹ̀.”

Amọ̀nà mi ní, “Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni.”

Mo fẹ́ jókòó tì wọ́n. Kò gbà fún mi. “Padà lọ kìlọ̀.”

Mo jí, oòrùn ṣì wà lókè. Mo sáré lọ sí ilé náà. Obìnrin yẹn tún rẹ́rìn-ín. “Màmá ń sùn, mà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni.” Mo kọjá lára rẹ̀. Nígbà tí mo fọwọ́ kan ìyá náà, wọ́n ti tutù. Kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí wọ́n lọ.

Mo rọ́ ìran náà fún obìnrin yẹn nínú yàrá ìyá náà. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó ní, “Ṣé ẹ rí mi níbẹ̀ ni?”

Mo ní, “Rárá. Ibùsùn yín ni mo rí.”

Ó wó lulẹ̀, ó sì jẹ́wọ́ níṣojú dókítà tó dé nírọ̀lẹ́ pé òun ń fi ebi àti òùngbẹ pa wọ́n. Ìjọba ti kó àwọn tó kù kúrò níbẹ̀. Bóyá Ọlọ́run yóò dárí jì í, èmi ò mọ̀.

Ẹ̀yin ará, ẹnì kan wà tó ń retí ìró ẹsẹ̀ yín lónìí. Bí ẹ bá ti ṣe àmín tán, ẹ má dúró kí mi. Ẹ máa lọ.