Àwọn Òròmọdìẹ Tó Dákẹ́ Lẹ́nubodè

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tó tẹ́ ilẹ̀ pẹrẹsẹ, tí kò fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún là á sí méjì. Kí ìkẹ́ Rẹ̀ máa bá Ànábì, ẹni tó ṣòwò láti ìlú dé ìlú tí kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ẹ̀yin jàmáà, ọ̀rọ̀ àdéhùn ni mo bá wá. Ẹni tó ṣe àdéhùn tó sì yẹ̀ ẹ́, ṣé ẹ rò pé irọ́ nìkan ló pa? Ó lè ba túúbá ẹlòmíràn jẹ́. Ẹ fara balẹ̀.

Obìnrin kan wà nítòsí Kétu, lápá ọ̀hún ẹnubodè. Àlírátù lorúkọ rẹ̀. Ọdún pípẹ́ ló fi gba inú igbó kó adìẹ dídì wọlé, èyí tí ọkọ̀ òkun ń gbé wá láti ìlú òyìnbó. Ẹ má wojú ara yín, ẹ jẹ nínú ẹ̀! Nígbà tó yá, àwọn ìlú ńláńlá bẹ̀rẹ̀ sí í tilẹ̀kùn mọ́ ara wọn, ọkọ̀ òkun ò wá bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ìjọba àwọn ìlú tiwa bá jókòó, wọ́n ní ká yéé retí òkun, ká máa bá aládùúgbò wa tà, ká máa bá wọn rà. Ohunkóhun tí a bá ṣe lágbègbè wa yóò máa kọjá láìsí ìdíwọ́. Wọ́n tọwọ́ bọ̀wé.

Àlírátù gbọ́ ọ lórí rédíò, ó sunkún. "Ọlọ́hun, O ti ṣílẹ̀kùn haláálì fún mi." Ó ṣe àlùwàlá, ó túúbá kúrò nínú fàyàwọ́. Gbogbo ohun tó ní ló fi ra ẹ̀rọ tí ń bá adìẹ sàba. Nígbà tí àwọn òròmọdìẹ àkọ́kọ́ jáde, ó kó wọn sínú páálí oníhò, ó gba ìwé ẹ̀rí pé Kétu ni wọ́n ti wá.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń kó wọn lọ, ó pàdé Lámídì tí wọ́n jọ ń ṣe fàyàwọ́. Òun náà di òròmọdìẹ sẹ́yìn ọ̀kadà.

"Ìyá Rábì, ẹ jẹ́ ká gba inú igbó o."

"Mo ti túúbá, Lámídì. Ojú títì ni mo ń gbà."

"Ẹ bá mi kí wọn lójú títì o!" Ó bú sẹ́rìn-ín, ó wọgbó.

Aṣọ́bodè tó dá Àlírátù dúró, Sùfíánù, àpá ìforíkanlẹ̀ dúdú kirimú níwájú orí rẹ̀, tẹsibíù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí lẹ kó?"

"Òròmọdìẹ ni, sà. Ìwé wọn rèé."

"Ìwé? Àwọn tó tọwọ́ bọ̀ ọ́, ṣé ibí ni wọ́n wà? Ìyá, ẹ mọ nǹkan tẹ́ ẹ máa ń fi sí wa lọ́wọ́ nínú igbó tẹ́lẹ̀."

"Mi ò ṣe ìyẹn mọ́, sà. Nítorí Ọlọ́hun."

"Nítorí Ọlọ́hun? Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n kírun Jímọ̀ ná."

Ó yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tí obìnrin náà háyà, ó fi sápò, ó lọ. Sààfù iwájú ló dúró sí o!

Oòrùn ń jó páálí. Àlírátù fi ẹní ìkírun rẹ̀ bò wọ́n. Kò lọ pe ọkùnrin náà. Ta ni yóò lọ fa aṣọ ẹni tó wà lórí ìrun? Lákọ̀ọ́kọ́, ariwo wọn dà bí ilé kéwú láàárọ̀. Ó ń lọ sílẹ̀. Nígbà tí lèmọ́mù sálámà, ẹyọ kan ṣoṣo ló ń dún. Òun náà dákẹ́.

Sùfíánù dé pẹ̀lú ẹ̀rín. "Ìyá, ẹ máa lọ. Mo yọ̀ǹda yín nítorí Jímọ̀."

Àlírátù ṣí páálí hàn án.

"Áà! Kádàrá ni." Ó ń ka tẹsibíù rẹ̀ lọ.

Kádàrá! Lámídì ti tà tán kí Sùfíánù tó kírun tán.

Ẹ ò béèrè ibi tí Àlírátù wà lónìí? Ó ti padà sínú igbó. Mo lọ bá a. Mo ní, "Ìyá Rábì, túúbá yín ńkọ́?" Kò bínú. Ó ní, "Àáfà, ẹ bá mi bi wọ́n lẹ́nubodè. Ibẹ̀ ni mo fi í sílẹ̀ sí."

Ta ni yóò ru ẹ̀ṣẹ̀ yìí lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀? Òun nìkan ni?

Ọlọ́hun, fi wá mọ ọ̀nà tààrà. Bí a ò bá sì fẹ́ tọ̀ ọ́, má jẹ́ ká dí i mọ́ ẹni tó ti rí i. Ẹ ṣàmín. Kò dún tó! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wọ yúnífọ́ọ̀mù sábẹ́ jàlàbíà, mi ò gbóhùn yín.